Wáyà Ọkọ̀ Jósẹ́fù Lójú Ọ̀nà Ọ̀yọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo máa ń fi ìka ẹsẹ̀ dúró kí n tó lè rí ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Ìsẹ́yìn nígbà náà, ẹ ó rántí rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré pupa kan ni, kò ní òrùlé, ènìyàn méjì péré ló gbà, àpótí irinṣẹ́ kan sì wà lẹ́yìn wọn. Oníṣòwò kan tó ń ra òwú kiri Òkè-Ògùn ló ni ín. Bí ó bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀yọ́, a ó ti gbọ́ ìró rẹ̀ kí eruku rẹ̀ tó yọ. Àwọn ewúrẹ́ á fọ́nká, àwọn ìyá arúgbó á máa pe orúkọ Ọlọ́run, àwa ọmọdé á sì da ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ wa nù, a ó máa sáré tẹ̀lé e títí eruku á fi kún ẹnu wa.

Aṣọ òfì ni wọ́n ń hun nílé wa. Ìró òfì bàbá mi ló ń jí mi láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ká òwú, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bí òwú bá lọ́ pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ìyá bàbá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Àgbà, á ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ibẹ̀ ni n ó wà tí àwọn ẹgbẹ́ mi á máa ṣeré bojúbojú níwájú mi, tí òórùn àkàrà á máa wá láti ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi á máa wò mí láti ibi òfì, á máa fi orin kan já òmíràn, nítorí ohùn rẹ̀ dùn. Bí Ìyá Àgbà bá ti yíjú, á ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Jósẹ́fù ni orúkọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ pupa yẹn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọ̀dọ́kùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, ilé tó kọjú sí tiwa ló sì máa ń wọ̀ sí bí ọ̀gá rẹ̀ bá wà ní Ìsẹ́yìn. Láràárọ̀ ni yóò ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, tí yóò máa nu inú rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo máa ń lọ dúró tì í. Òun ló fi ohun tó ń bí iná hàn mí nínú ẹ́ńjìnnì, òun ló fi wáyà mẹ́rin tó ń gbé iná náà lọ sí ara púlọ́ọ̀gì mẹ́rin hàn mí. Ó ní bí iná kò bá ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, epo kò ní jó, ọkọ̀ kò sì ní lọ.

Ó fi ìka kan ara wáyà kan lọ́jọ́ kan, ó mi orí. "Rọ́bà ara wọn ti ń là. Mo ti sọ fún ọ̀gá, ó ní Èkó ni tuntun wà, kí n máa lo èyí ná."

Mo na ọwọ́ kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbà rí mi láti ẹnu ọ̀nà, ó sì nà mí débi pé mo fi ìdúró jẹ oúnjẹ alẹ́.

Ọdún Iléyá kan wá dé. Ọyẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, koríko ọ̀dàn ti ń pọ́n, ìyá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ni. Ẹ mọ bí Iléyá ti máa ń rí: èéfín nílé gbogbo, ẹran lórí iná, àwa ọmọdé pẹ̀lú epo lẹ́nu títí dé etí. Bàbá mi ti ti yídì dé, ó wọ agbádá etù rẹ̀, ó dé fìlà sányán tuntun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ó jókòó láàárín àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n ń jẹ iyán, wọ́n ń ṣàwàdà. Ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì tó di ọrùn mú.

Eegun ẹran ló há a lọ́fun. Wọ́n gbá a lẹ́yìn. Wọ́n ní kí ó gbé òkèlè iyán ńlá mì kó lè ti eegun náà lọ, kò ṣeé ṣe. Wọ́n fún un ní epo pupa mu, ó tú u jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, itọ́ ara rẹ̀ gan-an kò lè gbé mì mọ́. Ó jókòó, ó tẹ orí síwájú, ó ń da itọ́ sínú igbá. Kò lè sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti mí, mo máa ń gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ẹnìkan ń fọn fèrè tó ti là. N kò jẹ ẹran mọ́ lọ́jọ́ náà. Orí ẹní ni mo wà tí mò ń tẹ́tí sí èémí yẹn, bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó tún mí, èmi náà á dá èémí dúró.

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, ọrùn rẹ̀ ti wú. Ẹnìkan ní dókítà kan wà ní Ọ̀yọ́ tó ní irin gígùn tó fi ń yọ nǹkan lọ́fun ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ kì í ṣe ìtòsí fún ẹni tí kò lè mu omi, kò sì lè jókòó sórí ẹṣin. Ìyá Àgbà kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ náà parí. Ó gba ojú títì kọjá lọ sí iwájú ilé Jósẹ́fù, èmi náà sì sáré tẹ̀lé e.

"Jósẹ́fù," ó ní, "mo mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kì í ṣe tìrẹ. Ọmọ mi kò lè gbé itọ́ mì. Gbé e dé Ọ̀yọ́ fún mi."

Jósẹ́fù dọ̀bálẹ̀ kí i, àmọ́ nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ìyá, ọ̀gá mi ti gun ẹṣin lọ sí Òkèhò lọ wo òwú. Ó ní n kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ yìí kúrò lójú kan títí òun ó fi dé. Tó bá gbọ́, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Wáyà ọkọ̀ náà kò sì dára. Bó bá dákẹ́ sáàárín igbó ńkọ́?"

Ìyá Àgbà tú gèlè orí rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún un nínú erùpẹ̀. N kò rí i kó kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi, àfi lórí àdúrà.

"Ẹ dìde!" Jósẹ́fù fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, Ìyá. Ẹ gbé Bàbá Ràbí jáde."

Ràbí ni èmi. Àbúrò bàbá mi fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó sanra ni, Jósẹ́fù ní àpótí ẹ̀yìn kò lè gbà á. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì yẹ kó jáde. Èmi ni mo fúyẹ́. Ìyá mi gbé igbá lé mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Jósẹ́fù á máa wo ọ̀nà. Ìwọ máa wo ojú bàbá rẹ. Bó bá fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan, kí o sọ." Bí mo ṣe gun orí ọkọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ nà mí nìyẹn. Gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò dúró, kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó sáré tẹ̀ lé wa.

Mo di ẹ̀yìn ìjókòó bàbá mi mú, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò ni eyín mi ń lu ara wọn. Ó fi aṣọ etù bo èjìká nítorí ọyẹ́, fìlà àná ṣì wà lórí rẹ̀. Igi ẹmi ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn àgbẹ̀ ń bọ́ sínú koríko fún wa, èmi kò wo ọ̀kankan. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó wú ni mò ń wò. Ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, mo kígbe pé kí Jósẹ́fù dúró. Ó tu itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ sínú igbá, ó sì fi ọwọ́ júwe iwájú pé ká máa lọ.

Bí a ṣe dé odò Ògùn, omi ti fà, ṣùgbọ́n kò gbẹ. Àwọn ọkùnrin tó ń bá ènìyàn sọdá fi okùn fa ọkọ̀, àwọn mìíràn ń ti ẹ̀yìn. Àárín odò ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti yọ̀ sínú ihò, omi ta gììrì bo ìdérí ẹ́ńjìnnì. Jósẹ́fù kùn sínú. A gun òkè odò, ó yí irin iwájú tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì títí òógùn fi bò ó, ẹ́ńjìnnì jí, a sì lọ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó fò sókè bí ẹṣin tí wọ́n ta ní ọfà, ó mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lóríṣiríṣi, n kò gbọ́ èyí tó dà bí ti ọ̀sán yẹn. Koríko nìkan ló ń dún. Àti èémí bàbá mi.

Jósẹ́fù ṣí ìdérí. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu wáyà kọ̀ọ̀kan, ó nu púlọ́ọ̀gì, ó yí irin. Ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún kú. Ó tún nu ún. "Iná wà," ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó ń jáde níbi tí kò yẹ ni. Wáyà kan tàbí méjì ti là, ó ń ta iná sára irin kó tó dé ẹnu púlọ́ọ̀gì. N kò lè rí i nínú oòrùn yìí. Òkùnkùn ni mo fẹ́." Ó wo ojú ọ̀run. Oòrùn wà lágbedeméjì orí. Ta ni yóò dúró de àṣálẹ́?

Bàbá mi ti gbọ́. Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó di ara ọkọ̀ mú, ó sì bọ́ aṣọ etù èjìká rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bo ẹ́ńjìnnì látòkè délẹ̀. Aṣọ náà nípọn, aró rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Jósẹ́fù wò ó, ó wò mí.

"Ràbí, wọ abẹ́ aṣọ yìí. Èmi ni n ó yí irin. Má fi ọwọ́ kan nǹkan kan o! Wo wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí o bá ti rí iná, sọ fún mi."

Mo wọlé síbẹ̀. Òórùn epo àti òórùn aró gbá mi nímú. N kò rí ọwọ́ ara mi. Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ti iná, mò ń rò ó pé bí n kò bá rí nǹkan kan ńkọ́? Bí ojú mi bá fò ó ńkọ́? Jósẹ́fù yí irin. Òkùnkùn. Ó tún yí i. Mo gbọ́ ìró kékeré kan, kẹ̀ kẹ̀ kẹ̀, mo sì rí i: iná tín-ín-rín, aláwọ̀ bí aró, ó ń fò láti ara wáyà sára irin, bí ìgbà tí alámùú bá ń yọ ahọ́n.

"Mo rí i!" mo kígbe. "Wáyà kẹta ni! Ọ̀kan tún wà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ kọdọrọ!"

"Níbo lára rẹ̀ gan-an?"

Inú mi dùn jù. Mo gbàgbé ìkìlọ̀, mo fi ìka júwe rẹ̀ bí ẹni pé ó lè rí ìka mi láti ìta. Lójijì, iná náà ta mí, bí ìgbà tí nǹkan kan fi ìwo kàn mí ní ìgúnpá. Ibi tí mo bá ara mi ni ẹ̀yìn, nínú koríko, pẹ̀lú aṣọ etù lórí, tí mò ń ké pe Ìyá Àgbà tí kò sí níbẹ̀.

Jósẹ́fù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, tàbí kí n sọ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín náà bá há síbi tí eegun há sí. Ó tẹ̀, ó di ọ̀fun mú, ojú rẹ̀ yọ, kò sì sí ìró kankan tó jáde. Fèrè tí mo ti ń gbọ́ látàná dákẹ́. Jósẹ́fù gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó ń pariwo pé, "Ẹ mí, Bàbá Ràbí! Ẹ mí!" Mo dúró bí òpó. N kò lè gbàdúrà, n kò lè sunkún. Ó pẹ́, ẹ̀yin ará mi, ó pẹ́ gan-an lójú mi, kí èémí kan tó wọlé pẹ̀lú ìró tó burú, kí òmíràn tó tẹ̀ lé e.

Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà.

Jósẹ́fù kò ní wáyà mìíràn. Ó ní bí òun bá rí òwú tó gbẹ, tó sì nípọn, òun lè wé ojú ibi tó là, kí òun fi àbẹ́là tó wà nínú àpótí bò ó kí omi má wọ̀ ọ́. Bàbá mi ṣí fìlà kúrò lórí, fìlà sányán tó dé lọ sí yídì, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Jósẹ́fù, ó já ojú rírán rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú yọ. Jósẹ́fù tú wáyà méjèèjì, ó nu wọ́n gbẹ, ó gbé wọn fún un. Ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n nítorí ebi àti òùngbẹ, ṣùgbọ́n bí òwú bá ti kan wáyà, ìgbọ̀nrìrì náà á dúró. Ó wé e, ó fún un, òwú kan ń tì sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, kò sí àlàfo. Jósẹ́fù yọ́ àbẹ́là sí i lórí. Ó gé igi gbígbẹ pẹlẹbẹ kan, ó fi sáàárín wáyà àti irin kí wọ́n má lè fara kan ara wọn mọ́.

"Ràbí, tún wọ abẹ́ aṣọ."

Mo wo bàbá mi. Mo mọ̀ pé bí ó bá lè sọ̀rọ̀ ni, ì bá sọ fún Jósẹ́fù pé kó fi mí sílẹ̀. Ó kàn na ọwọ́, ó yọ koríko kan kúrò nínú irun mi. Mo wọlé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo di wọn pọ̀.

"Kí lo rí?"

"N kò rí nǹkan kan."

"Wò ó dáadáa!"

"Òkùnkùn ni, Bọ̀dá Jósẹ́fù. Òkùnkùn nìkan ni."

Ó tún yí irin, ẹ́ńjìnnì sì bú ramúramù sí mi lójú. Bí mo ṣe jáde lábẹ́ aṣọ náà, n kò mọ̀. Orí àpótí ni mo ti bá ara mi, a sì ti ń lọ. Jósẹ́fù kò dín eré kù mọ́ fún kòtò kankan. Mo fi etí sí ẹ́ńjìnnì, mo fi ojú sí ọrùn bàbá mi, n kò mọ èwo ló ń bà mí lẹ́rù jù, títí tí àwọn òrùlé Ọ̀yọ́ fi yọ.

Nílé dókítà, ìta ni wọ́n ní kí èmi àti Jósẹ́fù jókòó sí. A gbọ́ ìró irin nínú àwo. A gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń bì. Jósẹ́fù ń fá àbẹ́là kúrò ní èékánná rẹ̀, ó ń fá ibi tí kò sí àbẹ́là mọ́. Nígbà tó ṣe, dókítà jáde, ó fi eegun náà hàn wá lórí òwú funfun. Kò ju èékánná ọmọdé lọ. Bàbá mi yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó mu omi, ó gbé e mì, ó fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀ tó wà ní gbangba.

"Fìlà mi dà?" ó ní, ohùn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fa igi nílẹ̀.

Jósẹ́fù jókòó sórí ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ti dé kí a tó padà sí Ìsẹ́yìn. Ìyá Àgbà àti àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó wo òwú sányán ara wáyà, ó dé ìdérí náà padà, ó ní kí Jósẹ́fù wa òun lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a gbọ́ pé ó ti lé Jósẹ́fù lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Bàbá mi kò sùn dáadáa fún ìgbà pípẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ó hun aṣọ kan tó dára ju gbogbo èyí tí mo rí i tó hun rí, ó ń bi gbogbo èrò Ìbàdàn bí wọ́n bá mọ Jósẹ́fù awakọ̀. Ó tó ọdún mélòó kan kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tí Jósẹ́fù sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó, tí bàbá mi sì rí aṣọ náà fi wọ̀ ọ́. Ohùn bàbá mi kò mọ́ gaara mọ́ títí ó fi kú, kò sì kọrin nídìí òfì mọ́. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ láyé, ó gbé ọmọ mi méjì àkọ́kọ́ lé èjìká ara rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Ọ̀yọ́ fún ìgbéyàwó, ọkọ̀ rẹ̀ dákẹ́ lẹ́yìn odò. Afárá ti wà lórí odò náà báyìí, ọ̀nà ti di ọ̀dà, ilé ìwòsàn sì wà níhìn-ín ní Ìsẹ́yìn. Mẹkáníìkì kan wá, ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì tó ti bàjẹ́, ó jù ú sínú igbó, ó fi tuntun sí i, ó ń bá wa ṣàwàdà. Ohun tó ń dun ọmọ náà kò ju pé àwọn èrò á ti jẹun tán ká tó dé. Nígbà tó wo ẹ̀yìn, ó rí mi tí mo di ìjókòó iwájú mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "A ò ní pẹ́ mọ́."

Mo ní n kò bínú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Láyé tiwa, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, bó bá kú sọ́nà, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, bí ọ̀kan bá kú, a ó na ọwọ́ sí òmíràn. Ènìyàn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ nǹkan kan. Òótọ́ ni, wọn kò mọ bó ti rí kí èémí bàbá ẹni wà lọ́wọ́ wáyà tó ti là. Mo gbàdúrà kí wọ́n má mọ̀ ọ́n láé.